Ìgò Tí Kò Kún Dé Àmì

Nínú ilé Bàbá Ìbíkúnlé ní Sabon Gari, kò sí ohun tí a lè fi sílẹ̀ láìkún kí ó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ ojú irin ni Bàbá, láti ìgbà tí èédú àti omi ṣì ń gbé ọkọ̀ láti Kano lọ sí Zaria. Ohun tí ó kọ́kọ́ kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ni pé ẹ̀rọ kì í kúrò ní ibùdókọ̀ bí omi inú táńkì rẹ̀ kò bá tíì dé ojú àmì. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́; àṣà náà ni kò fẹ̀yìn tì. Bí ó bá ń kọjá níbi randa, ìkòkò amọ̀ ńlá tí omi tútù máa ń wà nínú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò ṣí i wò, yóò sì rọ omi sí i títí yóò fi kún. Bí ó bá rí kẹ́tù, bákan náà ni. Àlejò tí ó bá mu tíì rẹ̀ dé ìdajì, tí ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò yí i padà bá ife tí ó kún. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi ń dá Bàbá dúró ni kí ènìyàn fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ife rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ń wọ ilé náà ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ kò tilẹ̀ rí i mọ́, bí ènìyàn kì í ti í gbọ́ ìró aago ògiri ilé ara rẹ̀.

Ilé yìí ni Adéwùmí, ọmọ ọmọ rẹ̀, kó irinṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ wá ní oṣù kẹrin, nígbà tí oòrùn Kano ń sun òrùlé. Olùkọ́ kẹ́místrì ni ní yunifásítì. Iná ti kúrò ní yàrá ìwádìí wọn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n sólà wà lórí ilé Bàbá. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe rọrùn láti sọ ju bí ó ti rọrùn láti ṣe lọ. Ó ń po ẹ̀tánọ́ọ̀lù, ọtí mímọ́ gaara tí a ń lò ní yàrá ìwádìí, mọ́ omi ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, ó sì ń wádìí bí àpòpọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo sí àti bí ó ṣe ki tó. Fún ìwúwo, ó ní ìgò kékeré kan tí kì í gbà ju ìwọ̀n kan náà lọ. Yóò rọ àpòpọ̀ kún un, yóò sì gbé e lé òṣùwọ̀n. Fún kíki, ó ní ọ̀pá gíláàsì tí ó tẹ̀ bí ìkọ́, tí ihò rẹ̀ tínrín bí òwú ní ibì kan. Yóò jẹ́ kí àpòpọ̀ gba ihò náà ṣàn kọjá, yóò sì fi aago wò ó bí ó ṣe pẹ́ tó. Èyí tí ó bá ki ni ó ń pẹ́.

Ìyá rẹ̀, Beatrice, ọmọ Bàbá lóbìnrin, kò fẹ́ kí ọtí wọ ilé náà rárá. Olórí ẹgbẹ́ obìnrin ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Yàtọ̀ sí èyí, George, àbúrò Beatrice lọ́kùnrin, wà nínú ilé.

“Adéwùmí, o mọ ẹni tí a jọ ń gbé níbí,” ni ó wí.

“Mo mọ̀ ọ́n, Màmá. Kì í ṣe ọtí mímu ni.”

“Ṣé ọtí ni orúkọ rẹ̀?”

“Ọtí ni orúkọ rẹ̀.”

“Ó tán,” ni Beatrice wí, ṣùgbọ́n kò lé irinṣẹ́ náà jáde.

George ń tún fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Nígbà kan rí, kò sí ilé ọtí kan ní gbogbo òpópónà Sabon Gari tí wọn kò ti mọ ohùn rẹ̀, nítorí bí ó bá ti mu ún, orin ni ó ń kọ, kì í sì í kọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti fi ọtí sílẹ̀ láti ọdún tí ó kọjá, ó sì ti rí obìnrin kan tí ó fẹ́ fi ṣe aya. Ọmọ́ṣọlá ni orúkọ obìnrin náà, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun ni ó máa ń mú fèrè àti aago dání níbi eré ìje àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà, òbí kankan kò sì lè bá a jiyàn lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ dé. Ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè lọ́wọ́ George: kí ó má fi ẹnu kan ọtí mọ́. Ó ní òun yóò wá ní ọ̀sán Sátidé láti fún un lésì. Beatrice ni ó ṣe onígbọ̀wọ́ fún àbúrò rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọmọ́ṣọlá.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ tí ó ṣáájú Sátidé náà, Adéwùmí po èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀, àpòpọ̀ ìdajì sí ìdajì. Ìyá rẹ̀ ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó wọn ìdajì lítà ọtí, ó wọn ìdajì lítà omi, ó da méjèèjì sínú ìgò ọlọ́rùn gígùn kan tí wọ́n fa ìlà yí lọ́rùn: ojú àmì lítà kan. Beatrice padà sí ilé ìdáná. Adéwùmí mi ìgò náà, ó dé e, ó gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀, ó sì jáde lọ sí ìpàdé. Kí ó tó jáde, ó rí i pé àpòpọ̀ náà ti fà sẹ́yìn kúrò lójú àmì. Kò yà á lẹ́nu. Ohun tí omi àti ọtí máa ń ṣe nìyẹn bí wọ́n bá pàdé, ó sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ débi pé kò rí ìdí tí òun yóò fi sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Beatrice padà wọ pálọ̀, George nìkan ni ó bá níbẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó tú fáànù kan palẹ̀ síwájú. Beatrice wo ìgò. Ó wo George. George rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ẹ̀rín yẹn ni ó sì bà á lẹ́rù jù. Ó fẹ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí, ó bá padà sí ilé ìdáná.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ìgò náà ti kún dé ojú àmì.

Adéwùmí kò kọ́kọ́ wo ọrùn ìgò. Ó mú díẹ̀ nínú àpòpọ̀ náà, ó rọ ọ́ sínú ọ̀pá gíláàsì, ó ri ọ̀pá sínú agbada omi tí ó ti tutù dé ìwọ̀n tí ó fẹ́, ó sì tẹ aago. Omi lásán máa ń yára gba ihò náà kọjá. Ọtí lásán náà máa ń yára, ó kàn lọ́ra díẹ̀ ju omi lọ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá po méjèèjì pọ̀, wọn a máa rìn bí olóyè tí ń lọ sí ààfin. Wọn a pẹ́ ju ìlọ́po méjì ti omi lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí lọ́jọ́ náà, inú Adéwùmí sì dùn. Lẹ́yìn náà ni ó rọ díẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó gbé e lé òṣùwọ̀n, inú rẹ̀ kò sì dùn mọ́. Ní agbègbè ìdajì sí ìdajì, bí omi bá fi díẹ̀ lé, kíki kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ìwúwo ni kì í bo àṣírí.

“Ó wúwo jù,” ni ó wí fún ara rẹ̀. “Omi ti wọ inú èyí.”

Beatrice, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra masa, àkàrà ìrẹsì, lọ́wọ́ obìnrin Haúsá tí ń dín in ní ìkòríta, gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀.

“Tún un sọ.”

“Mo ní ẹnìkan ti bu omi sí i.”

“Ó tó. Mo mọ ẹni náà.” Ó wá ròyìn fún ọmọ rẹ̀ bí ìgò náà kò ṣe kún lánàá, ẹni tí ó bá nídìí rẹ̀, àti bí ó ṣe rẹ́rìn-ín. “Ó mu ún, ó sì fi omi dí ibi tí ó mu.”

“Màmá, àìkún tí ẹ rí lánàá, bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí omi àti ọtí bá pàdé, wọn a sún mọ́ ara wọn, àyè tí wọ́n gbà a sì dín kù.”

“Ìdajì àti ìdajì kò pé odindi?”

“Kò pé, bí ó bá jẹ́ omi àti ọtí.”

“Ní yunifásítì ni wọ́n ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ó dára. Èyí tí kò kún lánàá, tí ó wá kún lónìí ńkọ́? Ìyẹn náà, bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?”

Adéwùmí gbé ìgò náà sókè, ó sì tún wo ìlà ọrùn rẹ̀.

Bàbá jáde sí wọn pẹ̀lú fìlà lórí. Gbogbo Sátidé ni ó ń lọ sí Railway Quarters láti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ jókòó. Àwọn méjèèjì dákẹ́ lójijì. Nígbà tí George ń mu ọtí, ẹ̀jẹ̀ Bàbá ru débi pé wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù; láti ìgbà náà ni ilé ti fi ṣe òfin pé ọ̀rọ̀ George àti ọtí kò gbọdọ̀ dé etígbọ̀ọ́ rẹ̀.

“Kí ni ẹ ń sọ tí ẹ fi dákẹ́?”

“Masa ni, Bàbá,” ni Beatrice dáhùn. “Ó pọ̀ jù.”

“Masa kì í pọ̀ jù.” Bàbá mú ọ̀kan, ó gbé kẹ́tù orí tábìlì wò, ó rọ omi sí i láti inú jọ́ọ̀gì títí ó fi kún, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó wò ó.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jìnnà, Beatrice pe George wọlé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, n kò mu ún,” ni George wí.

“Ta ló bu omi sí i?”

“N kò mọ̀.”

“O wà níbí ní gbogbo ọ̀sán àná.”

“Fáànù ni mo ń wò.”

“O rẹ́rìn-ín sí mi.”

“Ẹ̀yin ni ẹ wọlé. Ṣé kí n sunkún ni?”

Beatrice mí kanlẹ̀. “Bí Ọmọ́ṣọlá bá dé, n ó sọ fún un. Èmi ni mo dúró fún ọ. N kò lè fi ẹnu tí mo fi ń darí àdúrà tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ.”

“Ẹ sọ fún un,” ni George wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga. “Ẹ ṣáà má bù mọ́ ọn.” Ó padà sídìí fáànù rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdè kan náà ni ó ń dè tí ó tún ń tú.

Ohun tí ó dun Adéwùmí jù ni pé òṣùwọ̀n tirẹ̀ ni ó jẹ́rìí lòdì sí àbúrò ìyá rẹ̀. Ó mọ òṣùwọ̀n náà; kì í purọ́. Ó jókòó, ó sì ronú sí ohun tí òṣùwọ̀n náà sọ ní tòótọ́, yàtọ̀ sí ohun tí ìyá rẹ̀ gbọ́. Bí ẹnìkan bá ti mu ife kan péré nínú ìgò náà, tí ó sì fi omi dípò rẹ̀, ìyókù ìbá wúwo ju èyí lọ. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀, ó tún un ṣe. Gbogbo ọtí tí ó rọ síbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Omi tí ó wọlé kò ju àyè tí àpòpọ̀ náà fi fà sẹ́yìn lọ.

Ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná. “Màmá, ẹni tí ó ṣe é kò mu nǹkan kan. Àyè tí ó ṣófo ni ó kàn dí.”

“Ta ni yóò jókòó, tí yóò kàn máa dí àyè tí ó ṣófo?”

Adéwùmí na ìwé ìṣirò rẹ̀ sí i.

“Bó ti wù kí ó rí,” ni Beatrice wí, “ìwé tìrẹ ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ́ṣọlá kò ka ìwé rẹ.”

“Kò nílò ìwé. Ojú rẹ̀ ni n ó fi hàn.”

Ọmọ́ṣọlá dé ní ọ̀sán, ó wọ aṣọ àdìrẹ tí ó mọ́ nigínnigín, ó sì kúnlẹ̀ kí Beatrice. Wọ́n gbé tíì àti masa síwájú rẹ̀. Kò tíì mu ún dé ìdajì tí Beatrice fi sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìbù mọ́ ọn. Ọmọ́ṣọlá gbọ́ ọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ẹnu ife, ó sì fi í síbẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni George, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

“Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ,” ni George dáhùn. “N kò mu ún.”

“Àǹtí Ọmọ́ṣọlá,” ni Adéwùmí wí, “kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka aago.”

“Kí ni aago fẹ́ sọ fún mi nípa ọtí?”

“Bí ọtí ṣe ń ṣe. Ẹ ti ń ka aago fún ẹni tí ó ń sáré. Ẹ bá mi kà á fún ohun tí ó ń ṣàn.”

Bàbá wọlé bọ̀ láti Railway Quarters bí wọ́n ti ń to ìgò. Ojú rẹ̀ là nígbà tí ó rí àlejò. “Sannu da zuwa, ìyàwó wa,” ni ó kí i.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá.” Ọmọ́ṣọlá kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan rẹ̀ kò kúrò lórí ife. Bàbá ti ń na ọwọ́ sí kẹ́tù. Ó rí àtẹ́lẹwọ́ náà, ó fa ọwọ́ padà, ó sì jókòó.

“Adéwùmí ń fi iṣẹ́ rẹ̀ han àlejò wa, Bàbá,” ni Beatrice yára wí.

Adéwùmí kọ́kọ́ rọ omi sínú ọ̀pá, lẹ́yìn náà ọtí. Ọmọ́ṣọlá tẹ aago, ó sì ní àwọn méjèèjì mọ eré sá. Nígbà tí ó kan àpòpọ̀ àná, ó tẹ aago, ó dúró, ó sì tún dúró.

“Ta ló di ẹsẹ̀ èyí?” ni ó béèrè.

“Àwọn méjì yẹn náà ni. Wọ́n ti wà pọ̀ ni.”

Lẹ́yìn náà, lójú gbogbo wọn, Adéwùmí wọn ìdajì lítà ọtí àti ìdajì lítà omi, ó dà wọ́n sínú ìgò ọlọ́rùn gígùn mìíràn, ó dé e, ó sì mì í. Ó ní kí Ọmọ́ṣọlá fi ọwọ́ kan ara ìgò.

“Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ kò sì gbé e ka iná.”

“Ara wọn ni wọ́n fi gbóná.”

Wọ́n gbé e sínú omi títí ó fi tutù, wọ́n sì gbé e padà sórí tábìlì. Ọmọ́ṣọlá tẹ̀ ba, ojú rẹ̀ sì ṣe déédéé pẹ̀lú ìlà ọrùn ìgò. Àpòpọ̀ náà wà nísàlẹ̀ ìlà, ó jìnnà sí i dáadáa.

“Mo rí i bí ẹ ṣe rọ ọ́,” ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. “Ẹnikẹ́ni kò bu nǹkan kan níbẹ̀.”

Beatrice bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà. Ìgò náà ò kún síbẹ̀.

Adéwùmí yíjú sẹ́yìn láti mú ìgò kékeré. Nígbà náà ni Bàbá dìde. Ó ti ń wo ìlà náà láti ìgbà díẹ̀, ara rẹ̀ kò sì gbà á mọ́. Ó gbé jọ́ọ̀gì omi, ó ṣí ìgò, ó rọra rọ omi sí i, ó tẹ̀ ba bí awakọ̀ tí ń wo táńkì ẹ̀rọ, ó kán ìwọ̀nba tí ó kẹ́yìn sí i lẹ́kán lẹ́kán títí omi fi dé ojú àmì gan-an. Ó dé ìgò náà padà, ó sì jókòó.

Gbogbo wọn kọjú sí i.

“Kí ló dé?” ni Bàbá béèrè. “Kò kún ni.”

“Bàbá,” ni Beatrice wí, “ti àná ńkọ́?”

“Ti àná náà kò kún. Mo jí fún àdúrà ìdájí, mo rí i. Mo ní bóyá Adéwùmí gbàgbé ni, iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn ọmọ náà, mo bá a ṣe é.”

“Ẹ kò sì sọ fún wa.”

“Ṣé mo máa ń sọ fún yín bí mo bá pọn omi sí randa?”

George ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di fáànù mú, Adéwùmí náà sì bá a rín in, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹni tí ń rẹ́rìn-ín nídìí iṣẹ́.

“Ta ni ẹ rò pé ó ṣe é?” ni Bàbá béèrè.

“Masa ni, Bàbá,” ni Beatrice dáhùn, bí ó ti wí ní òwúrọ̀.

Ṣùgbọ́n Ọmọ́ṣọlá kò tíì rẹ́rìn-ín. “Ẹ dúró ná,” ni ó wí. “Ẹ ti rín in, ẹ kò tíì wọ̀n ọ́n. Bí ẹnìkan bá ti mu nínú ti àná kí Bàbá tó kún un, kí ni òṣùwọ̀n yóò sọ?”

“Ti àná yóò wúwo ju tòní lọ,” ni Adéwùmí dáhùn, ìbéèrè náà sì wù ú gidigidi. Ó sún òṣùwọ̀n sọ́dọ̀ Ọmọ́ṣọlá, ó sì jẹ́ kí ó ka nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Wọ́n wọn ti àná. Wọ́n fọ ìgò kékeré, wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n sì wọn tòní, èyí tí Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún lójú wọn. Ọmọ́ṣọlá ka èkíní, ó ka èkejì, ó sì tún padà wo èkíní. Nọ́ńbà tí ó kẹ́yìn pátápátá nìkan ni ó yàtọ̀, èyí tí atẹ́gùn fáànù lásán lè yí padà.

“Wọ́n jọ dé,” ni ó wí, bí ó ṣe máa ń wí ní pápá eré ìje.

Nígbà náà ni ó yíjú sí George. “Kí ló dé tí ẹ kò pariwo? Wọ́n ní ẹ ṣe ohun tí ẹ kò ṣe, ẹ sì jókòó ti fáànù.”

“Gbogbo Sabon Gari ni ó mọ bí mo ṣe máa ń pariwo tẹ́lẹ̀,” ni George wí. “Mo rò ó pé bí mo bá pariwo lónìí, ẹ ó ní mo ti mu ún.”

Ọmọ́ṣọlá rẹ́rìn-ín wàyí. Beatrice fa àwo masa sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ṣa àwọn tí ó tóbi jù nínú rẹ̀, ó kó wọn síwájú àbúrò rẹ̀, ó sì fi ata yájì wọ́n wọn bí ó ṣe máa ń ṣe fún un nígbà tí ó wà ní kékeré.

“Má bínú sí mi, George.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, n kò bínú. Ṣùgbọ́n èyí ti pọ̀ jù.”

“Masa kì í pọ̀ jù,” ni Bàbá wí. Ó yíjú sí ọmọ ọmọ rẹ̀. “Adéwùmí, o ní omi a máa yára, ọtí náà a máa yára?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Bí wọ́n bá wá ń gbé pọ̀, wọn a máa rọra?”

“Wọn a máa rọra.”

“Àyè tí wọ́n ń gbà a sì dín kù?”

“Ó ń dín kù, Bàbá.”

“Èmi àti ìyá àgbà rẹ, yàrá kan ni a gbé ní Railway Quarters kí a tó kọ́ ilé yìí. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀.”

Ó gbé kẹ́tù. Ó wo ife Ọmọ́ṣọlá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ṣì wà lórí ife náà láti ìgbà tí ó ti jókòó padà. Bàbá dúró pẹ̀lú kẹ́tù lọ́wọ́. George wo masa rẹ̀, kò jẹ ẹ́.

Ọmọ́ṣọlá gbé ọwọ́ kúrò.

“Ẹ rọ ọ́ síbẹ̀, Bàbá,” ni ó wí. “George, ilé yìí náà ni mo ń bọ̀.”

Bàbá rọ tíì náà títí ó fi dé etí ife, ó sì kù díẹ̀ kí ó dà sórí aṣọ tábìlì. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ó tó.